Ayaba Tó Wà Níbi Méjì

"Ẹ yàgò, ẹ yàgò, ọ̀jọ̀gbọ́n ń bọ̀."

Fọlájìmí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, tó gbé ike kan mọ́ àyà bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun lọ ṣe ìsàmì. Ẹ̀rọ ṣẹ́ẹ̀sì ni, àbúrò bàbá rẹ̀ ló rà á bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1993. Bí o bá gbé ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì kan lórí rẹ̀, iná pupa tíńtín á tàn láti fi ibi tí òun náà fẹ́ lọ hàn ọ́. Albert, ọmọ àdúgbò Gyellesu, ní irú rẹ̀ kan. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti mọ̀ pé àwọn jọ ní ẹ̀rọ, wọn kò ta ṣẹ́ẹ̀sì mọ́. Ẹ̀rọ ló ń bá ẹ̀rọ ta á, àwọn ló ń gba ògo.

Iwájú ilé wa ní àdúgbò Muchia ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Kálukú á jókòó ti ẹ̀rọ tirẹ̀, á fi ìwé bò ó lójú kí ẹnì kejì má baà rí i. Pátákó onígi ńlá kan á wà láàárín fún àwọn òǹwòran. Ohun tí ẹ̀rọ bá fi iná sọ, ẹni tó ni ín á gbé e lórí ẹ̀rọ, á sì gbé irú rẹ̀ gan-an lórí pátákó. Iṣẹ́ wọn kò ju ìyẹn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá ti mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú lè ṣe é.

Síbẹ̀, ẹ wá gbọ́ ìyangàn. Oríkì tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń jí i láràárọ̀ ni Fọlájìmí kó fún ike:

"Ọmọ a-ronú-kó-tó-rìn,
Ọmọ a-jókòó-ṣẹ́gun-ẹni-tó-dúró,
Jẹ́jẹ́ lo rìn, ilé ọ̀tá ló ń wó."

"Ta lò ń kì yẹn?" ni mo bi í.

"Ẹ̀rọ mi."

"Ṣé bàbá yín ló bí i ni?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Fọlájìmí wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Jemima, ọmọ kafíńtà. Lọ máa ta pátákó tí bàbá ẹ fi àgékù igi kàn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè."

"Ẹni tó fi ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kún tirẹ̀ ni wọ́n pa òwe yẹn fún. Wọn ò pa á fún ẹni tó da tirẹ̀ nù."

Ibẹ̀ la wà tí Ọ̀gbẹ́ni Gilbert fi dé, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ṣẹ́ẹ̀sì nílé ẹ̀kọ́. Fọ́ọ̀mù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àyè kan ṣoṣo ló kù fún ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ní Kaduna, èmi àti Fọlájìmí la sì ń dù ú. Ká má purọ́, lọ́dún tó ṣáájú, kò sẹ́ni tí Fọlájìmí kò nà nínú wa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo sáà yẹn, kò wá sí ìdánrawò lẹ́ẹ̀kan.

"Fọlá, ìwọ àti Jemima, ẹ wá ta á níṣojú mi," ni olùkọ́ wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ mi kọ́kọ́ na ti Albert. Bí ẹṣin èèyàn bá gbapò kìíní, ṣé kì í ṣe ẹni tó ni ẹṣin ló gbapò kìíní ni?"

"Ta ló gun ẹṣin náà?"

Fọlájìmí ti ń to ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì. Olùkọ́ fa àga kan, ó jókòó. "Ó dáa. Ẹ ṣe tiyín tán. N óò dúró."

Eré bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di bí ìdajì, ẹ̀rọ Fọlájìmí bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tó ń jẹ́ ẹṣin padà sẹ́yìn, èyí tó ń jẹ́ ilé ìṣọ́ padà sẹ́yìn.

"Kai," ni Albert wí, "ará Lọ́ńdọ̀nù ń lọ sílé. Ẹ bá mi kí i, ẹ ní ó dàárọ̀."

Ẹ̀rín sọ. Fọlájìmí wo olùkọ́, ó wo fọ́ọ̀mù. Ohun tó ṣe nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ la tó mọ̀. Iná ẹ̀rọ rẹ̀ ní kí ayaba padà sẹ́yìn. Ó gbé e padà lórí ẹ̀rọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lórí pátákó tí gbogbo wa ń wò, ó ti ayaba síwájú, ó fi pa ọmọ ogun Albert kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba rẹ̀ níbẹ̀, ó sì na àyà bí àkùkọ.

Albert tẹ èyí sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí iná tàn. Ẹṣin Albert fò wọlé, ó pa ayaba.

Fọlájìmí ní láti gbé ẹṣin náà lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó gbé e. Ẹ̀rọ ké pì, pì. Ó tún gbé e. Pì, pì.

"Tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ni Albert wí.

"Mo ń tẹ̀ ẹ́. Bátìrì ló ń kú lọ."

"Bátìrì tó ń kú lọ ló ń kígbe báyìí?" Albert dìde, ó lọ ká ìwé kúrò lójú ẹ̀rọ. Lórí ẹ̀rọ, ọmọ ogun Albert ṣì wà láàyè ní ilé tí ẹṣin rẹ̀ fẹ́ bọ́ sí. Ẹṣin kì í bọ́ sórí ọmọ ogun tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi kọ̀ ọ́.

"Ayaba rẹ jókòó sílé níbí, ó kú sójú ogun lọ́hùn-ún. Ayaba wo ló ń wà níbi méjì? Wallahi, Fọlá, ike lásán kọ̀ láti bá ẹ purọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Olùkọ́ sún mọ́ pátákó. "Ta ló ní kí ayaba lọ síwájú?"

"Èmi ni, sà."

"Látinú orí ara rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ò rí ẹṣin tó dúró tì í?" Olùkọ́ fọwọ́ kan ẹṣin náà. "Lọ́dún tó kọjá, bí mo bá jí ọ lójú oorun, o ò jẹ́ gbé ayaba síbẹ̀ láé. Gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò. Jemima, jókòó."

A tò ó. Kí Fọlájìmí tó gbé ohunkóhun, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ máa ń wà, bí ọmọ tó ń wá ìyá rẹ̀ ní ọjà Sabon Gari. Ìgbà kẹtàdínlógún tí mo gbé ọmọ ni ọba rẹ̀ kú. Olùkọ́ kò bá a wí. Ó kàn na fọ́ọ̀mù sí mi.

Ní Kaduna, Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́, mo na ẹni mẹ́ta, ẹni méjì nà mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé, Fọlájìmí wá sílé wa.

"Jemima, jẹ́ ká ta ọ̀kan."

"Ṣé ara ike ò yá ni?"

"Mo ti dá a padà sínú páálí." Ó jókòó.

Mo nà án lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì fi pamọ́ pé ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn ìkejì, ó ní, "Níbo ni mo ti ṣìnà?" Láti oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Mo sún pátákó mọ́ ọn, mo sì fi hàn án.

Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Orí tí Ọlọ́run gbé ka ọrùn wa, lílò ló fi ń mú. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ sílẹ̀ kí nǹkan mìíràn máa ronú fún un, ọjọ́ tó bá nílò rẹ̀ níwájú èrò, idà tí kò mú mọ́ ni yóò bá nínú àkọ̀.