Ọmọ Mọ́kànlélọ́gọ́ta Tí Ìyá Kankan Ò Bí

Ìgbà kẹta rèé tí wọ́n máa lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n gbé ga mọ́ ara pátákó, tí olùkọ́ yunifásítì kan ò ní rí tirẹ̀. Ó fi ìka tọ orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún fi tọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Kò sí níbẹ̀. Orúkọ ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń po oògùn ló wà níbẹ̀ gàdàgbà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lo ọ́fíìsì, tí gbogbo yunifásítì ń pè ní Kíákíá, bá a nídìí pátákó.

"Ìwé mélòó ló kù fún ẹ kí wọ́n tó gbé ẹ ga?"

"Ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré."

"Ìwádìí tó ò ń ṣe lórí abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ jòjòló yẹn ńkọ́?"

"Ọgọ́rin ọmọ ni mo nílò, mọ́kàndínlógún ni mo tíì rí. Méjì nínú wọn sì wà, bí èèyàn pàtẹ́wọ́ létí wọn, wọn kì í ta gìrì mọ́. Mo ṣì ń wò ó."

Kíákíá rẹ́rìn-ín. "O máa wò ó títí irùngbọ̀n ẹ á fi funfun. Kọ àwọn tó kù sí i, jàre! Ta ló máa wá ka orí wọn? Jọ́nà kan wà tí kì í da èèyàn láàmú. O fi ránṣẹ́ lónìí, wọ́n gbé e jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kàn bá mi fi orúkọ tèmi náà sí i."

Jọ́nà ni ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé iṣẹ́ ìwádìí wọn jáde, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lè kà á, kí wọ́n sì lò ó. Bó bá jẹ́ ojúlówó, àwọn ògbóǹtarìgì á kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ náà wò fínnífínní kó tó jáde. Olùkọ́ mọ èyí. Òun ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ló fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó dá ọjọ́ orí fún ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta tí ìyá kankan ò bí. Ó wọn ìwúwo wọn, ó sọ ọjọ́ tí ibà wọn lọ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé bí wọ́n bá ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan, ara rẹ̀ á tètè yá, àti pé kò pa ẹnì kankan lára. Àwọn méjì tí kì í ta gìrì mọ́ ńkọ́? Ó kọ "ara dá" síwájú wọn.

Láàárín ọjọ́ márùn-ún, jọ́nà náà gbà á. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ̀rù bà á díẹ̀. Nígbà tí ìgbéga dé, ẹ̀rù náà lọ.

Olùkọ́ ní àbúrò obìnrin kan. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ jòjòló ló ti ń ṣiṣẹ́, nílé ìwòsàn kan tó jìn. Ó máa ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yangàn. Ó tẹ ìwé náà jáde, ó gbé e fún dókítà wọn. Dókítà kà á, ó ní ọgọ́rin ọmọ kì í ṣe kékeré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, àbúrò wọ ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò gbà láti jókòó.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ó ní ohun tá à ń ṣe tí kò dáa, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ nínú ìwé yín gẹ́lẹ́ là ń lo abẹ́rẹ́ yẹn. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n ti gbé padà wá, wọn ò gbọ́ràn. Ìyá kan lu ìdérí ìkòkò lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ níṣojú mi. Ó lù ú, ó lù ú. Ọmọ náà kàn ń fi ìka ara rẹ̀ ṣeré. Ẹ sọ fún mi, níbo la ti ṣì í lò?"

Olùkọ́ dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ ò ṣì í lò," ló wí.

"Kí wá ni?"

"Àwọn ọmọ yẹn ò pé ọgọ́rin. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Èmi ni mo fi àwọn tó kù kún un. Méjì nínú mọ́kàndínlógún ọ̀hún, etí wọn ti ń di nígbà yẹn. Mo mọ̀."

Àbúrò ò pariwo. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò tó ṣi ilé wọ̀.

"Ọwọ́ mi ni mo fi gún wọn," ló wí. "Ọwọ́ mi yìí, Bọ̀ọ̀dá."

Ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ lọ bá màmá kan tó ti ṣe olóòtú jọ́nà fún ogún ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyá Olóòtú ni wọ́n ń pè é. Màmá gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"O fún ọmọ ọlọ́mọ ní májèlé, o wá fi ìwé bò ó."

"Mà, kí ni kí n ṣe?"

"Lónìí yìí, kọ̀wé sí ilé ìwòsàn àbúrò ẹ. Kọ̀wé sí jọ́nà yẹn pé kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà, kó o sọ ìdí ẹ̀ láìfi igbá kan bo ọ̀kan nínú. Kọ̀wé sí yunifásítì. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá ẹ wá."

"Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

"Ó yẹ kí wọ́n lé ẹ."

"Orúkọ Kíákíá náà wà níbẹ̀, Mà. Kò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà rárá."

"Ẹni tó fi orúkọ sí iṣẹ́ tí kò ṣe, ó ti gbà láti jẹ́jọ́ ohun tí kò mọ̀."

Olùkọ́ kọ gbogbo ẹ̀. Ilé ìwòsàn dá abẹ́rẹ́ náà padà sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ náà gan-an. Yunifásítì lé òun àti Kíákíá. Jọ́nà nìkan ni kò fèsì. Íméèlì mọ́kànlá ló kọ sí wọn. Ó pe nọ́ńbà wọn, kò wọlé. Ìyá Olóòtú bá a tọpa àdírẹ́sì wọn, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gẹrun ni wọ́n bá níbẹ̀. Nínú àwọn tí jọ́nà náà pè ní olóòtú, ọ̀kan ti kú, àwọn yòókù ò gbọ́ orúkọ jọ́nà ọ̀hún rí.

"Bó bá ṣe ojúlówó jọ́nà ni," Màmá wí, "wọn ì bá kọ ọ́ sí iwájú ìwé náà pé irọ́ ni, kẹ́nikẹ́ni má lò ó. Àwọn wọ̀nyí ò sí níbì kankan. Ta ni wàá bẹ̀?"

Ìwé náà ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn mẹ́rìnlá mìíràn ti tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ tiwọn. Olùkọ́ kọ̀wé sí wọn níkọ̀ọ̀kan, méjì péré ló dá a lóhùn. Ibòmíràn tí wọ́n ti ń gún ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, kò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àbúrò rẹ̀ ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Bó bá pè é, kì í gbé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ìwádìí, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ kọ, kódà bí kò bá tó, pàápàá bó bá ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ẹ má fi orúkọ ẹni tí kò ṣiṣẹ́ sí i, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi tiyín sí ohun tẹ́ ò ṣe. Jọ́nà tó bá gba iṣẹ́ yín láìbi yín ní ìbéèrè, ẹ sá fún un. Ẹ wádìí àwọn olóòtú rẹ̀, ẹ pè wọ́n, ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú ìwé ní ilé ìkàwé yín léèrè. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ má torí ìwé kan ṣoṣo yí ìtọ́jú padà, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló kọ ọ́.

Bí ẹ bá sì ti parọ́ ọ̀hún ná, ẹ jẹ́wọ́ lónìí. Ìjẹ́wọ́ yín ò ní la etí ọmọ tó ti di. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n máa bí lọ́la, wọn ò tíì gún un.