Abẹ́rẹ́ Ooru Ọkọ̀ Dọ́n Tavito

Dilenia ń fi ọṣẹ àti iyanrìn bó epo dúdú kúrò lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé ìkọ́ṣẹ́ ilé-ìwé wọn nígbà tí òjìji ẹnìkan bò ó mọ́lẹ̀. Ó gbójú sókè. Anyelina ni. Anyelina tí gbogbo ilé-ìwé mọ̀, tí kì í dá rìn, ló dá dúró níwájú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Wọ́n ní ìwọ lo mọ mọ́tò jù ní kíláàsì yín," ni ó wí.

Dilenia nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wá a wá síbi tó wà. Òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Àwọn ọkùnrin kíláàsì rẹ̀ kì í fẹ́ mú un ṣe ẹnìkejì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ṣe kékeré sì ń sọ pé òórùn epo ń tẹ̀ lé e kiri. Ìyá rẹ̀ wà ní Sípéènì, níbi tó ti ń tọ́jú obìnrin arúgbó kan. Ilé kù sí òun àti Papá Chelo, bàbá ìyá rẹ̀, tí etí rẹ̀ ti di. Bí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ lálẹ́, ìdákẹ́jẹ́ ni ó máa ń ṣe ẹlẹ́kẹta wọn.

Anyelina ṣàlàyé ohun tó bá wá. Ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀, Dọ́n Tavito, tó fi ń kó áyù láti oko lọ sọ́jà, ni ara rẹ̀ kò yá. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó a máa sùn sísàlẹ̀ bí ẹni pé wọn kò tíì tan ọkọ̀ rárá, èéfín dúdú a máa tú jáde lẹ́yìn, ọkọ̀ náà sì ti ń mu epo bí ẹni mu omi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Joelvin, fẹ́ fi ọkọ̀ náà gbé àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ sí Aguas Blancas lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Bàbá wọn ti ní bí ọkọ̀ náà kò bá yá, kò gbọdọ̀ gun òkè.

"Bí o bá lè tún un ṣe, ìwọ náà á bá wa lọ," ni Anyelina wí. "A ti fi àyè ẹ sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí Dilenia lọ́kàn bí iná ṣe ń bọ́ sínú ilé tó ti tutù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wà ní àgbàlá Dọ́n Tavito, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tan ọkọ̀ náà sílẹ̀ títí ó fi gbóná dáadáa. Joelvin, Anyelina àti ọ̀rẹ́ wọn méjì jókòó sórí ògiri, wọ́n ń wò ó. Ó fọwọ́ kan ọ́ọ̀sì tó ń gbé omi lọ sí rédíétọ̀, ó sì yára fa ọwọ́ padà. Ó gbóná. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ ń sọ pé ó tutù. Irọ́ ni abẹ́rẹ́ ń pa.

Tíṣà Radhamés ti kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bó bá rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì tí ó ń tọ́ ooru omi inú rẹ̀ wò. Ẹnu rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ náà sì ni fáànù ti ń gbọ́ ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Bí ó bá parọ́ pé ẹ́ńjìnnì tutù, epo á máa wọlé jù, èéfín dúdú á sì máa jáde. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ náà ló bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ waya rẹ̀. Kí a tó mọ̀, a ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, a ó yọ sẹ́ńsọ̀, a ó rì í bọ inú omi tí a ń sè, a ó sì fi mítà tó ń wọn iná mànàmáná sí i. Bí omi ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni iye tí mítà ń kà gbọ́dọ̀ máa wálẹ̀. Tíṣà máa ń sọ ọ́ títí tí ó fi máa ń sú wọn: ohun tí o kò dán wò, má sọ pé o mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n bí Dilenia ṣe mi waya náà, abẹ́rẹ́ ta kìjí, ó gun òkè, ó sì dúró sí àárín. Àwọn tó wà lórí ògiri pàtẹ́wọ́. Joelvin gbá a léjìká bí ọkùnrin ṣe ń gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Anyelina ki ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Dilenia mọ̀ pé mímì kì í ṣe ìwòsàn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì dùn lẹ́nu wọn. Ó fi téèpù we waya náà, ó ní waya ni, ó ti tán.

Dọ́n Tavito ti oko dé nígbà tí Dilenia ń palẹ̀ mọ́. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì díẹ̀.

"Sẹ́ńsọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé o dán an wò?"

Ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀.

"Mo ti dán an wò, bàbá."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n fi Dilenia sáàárín Joelvin tó ń wa ọkọ̀ àti Anyelina níwájú, àwọn yòókù wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì, wọ́n ń kọrin. Ọ̀nà Aguas Blancas ga, òkúta rẹ̀ sì pọ̀. Wọn kò tíì gùn ún dé ìdajì tí abẹ́rẹ́ fi já wálẹ̀, tó sì sùn sísàlẹ̀ pátápátá.

Dilenia rí i. Ó tẹ́tí sílẹ̀ bóyá òun á gbọ́ fáànù, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, òórùn kan bíi ti ṣúgà tó ń jóná bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó mọ òórùn náà: omi inú rédíétọ̀ ló ń hó jáde. Ẹnu rẹ̀ là láti sọ̀rọ̀, àmọ́ àsìkò yẹn gan-an ni Anyelina gbé orí lé e léjìká, tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tó wù ú fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ìgbà tí ẹnìkan ti gbé orí lé Dilenia léjìká kẹ́yìn, kò rántí mọ́. Ó pa ẹnu dé. Ó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé kí ọkọ̀ ṣáà gun òkè yìí tán.

Ọkọ̀ kò gùn ún tán. Agbára rẹ̀ tán lójijì, ó gbọ̀n, ó kú, èéfín funfun sì bo gbogbo iwájú rẹ̀. Joelvin bẹ́ sílẹ̀, ó mú àkísà, ó fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Dilenia fò mọ́ ọn lápá, ó fà á sẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì ṣubú sínú eruku.

"Bí o bá ṣí i báyìí, omi yẹn á bó ẹ lójú," ni ó wí.

Joelvin dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "O ní o ti tún un ṣe."

Anyelina fa Dilenia sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí gbogbo wọn jọ sọ fún bàbá òun pé òkúta ló fò lu ọ́ọ̀sì.

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wàá sì máa bá wa rìn."

Ọkọ̀ tó kó kárọ́ọ̀tì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, awakọ̀ náà sì gbà láti gbé wọn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró ti ọkọ̀ Dọ́n Tavito. Wọ́n ń wo ojú ara wọn títí Dilenia fi ní òun á dúró. Kò sí ẹni tó ní kó má dúró. Bí wọ́n ṣe ń lọ, Anyelina bojú wẹ̀yìn, ó sì fi ìka lé ètè.

Ìdákẹ́jẹ́ wá dé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí àwọn igi páìnì, kùrukùru sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Dilenia káwọ́ mọ́ra, ó jókòó sórí òkúta. Ó ti dá jẹun rí, ó ti dá rìn rí, ṣùgbọ́n kò dá wà tó báyìí rí. Wọ́n kò bi í léèrè bóyá òtútù máa mú un. Wọ́n kò fi ìrẹsì díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó ro irọ́ tí wọ́n fẹ́ kó pa, ó rí i pé kò ṣòro. Ó tún wá ro ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: Dọ́n Tavito á pààrọ̀ ọ́ọ̀sì, á sì fi sẹ́ńsọ̀ tó ti bàjẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ọkùnrin náà àti àwọn òṣìṣẹ́ oko rẹ̀ á wà lójú ọ̀nà bíi èyí, abẹ́rẹ́ á máa sọ fún wọn pé àlàáfíà ni.

Ọjọ́ ti rọ̀ kí Dọ́n Tavito tó dé pẹ̀lú ọkọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kan àti okùn.

"Wọ́n ní òkúta ló ba ọ́ọ̀sì jẹ́," ni ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ọ́ọ̀sì náà.

"Kì í ṣe òkúta, bàbá. Mi ò dán sẹ́ńsọ̀ yẹn wò. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mo sì rí i nígbà tí abẹ́rẹ́ já wálẹ̀, mo dákẹ́."

Dọ́n Tavito nàró. "Kí ló dé tí o fi dákẹ́?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n máa bá mi ṣọ̀rẹ́ ni."

Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Inú ń bí i, kò sì fi pa mọ́. Ó ní àsìkò ìkórè áyù ni wọ́n wà yìí, òun kò sì mọ ohun tí òun á fi kó o. Lẹ́yìn náà ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bo Dilenia léjìká, ó ní kó wọlé sínú ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Dilenia yá mítà Tíṣà Radhamés, ó sì lọ sí ilé ìdáná Dọ́n Tavito. Ó yọ sẹ́ńsọ̀ náà, ó rì í bọ omi lórí iná. Iye tí mítà ń kà ń wálẹ̀ jẹ́jẹ́ bí omi ṣe ń gbóná. Àmọ́ bí ooru ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rú lójú omi, mítà kò rí nǹkan kan kà mọ́. Ó mú un jáde kó tutù, ó tún dán an wò, ibi kan náà ló tún ti yadi. Ó fi han Dọ́n Tavito pé waya kò ní ẹ̀bi: sẹ́ńsọ̀ ń sọ òtítọ́ nígbà tí kò sí ewu, ó sì ń dákẹ́ nígbà tí ewu bá dé. Anyelina wọlé wá bu omi. Kò wo apá ibẹ̀.

Tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì kí omi má bàa jò, ti jóná. Dilenia ń lọ sí àgbàlá Dọ́n Tavito lẹ́yìn ilé-ìwé, ó ń bá mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe fọ irin, ó ń bá a to nǹkan, títí ọkọ̀ fi tún gba òkè lọ. Ní ilé-ìwé, wọ́n pè é ní ẹlẹ́nu-ò-dákẹ́. Kò sí ẹni tó bá a jókòó.

Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè kan. Ó béèrè nípa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń béèrè, Dilenia a sì máa dáhùn pé wọ́n pọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ òótọ́.

"Mi ò ní ọ̀rẹ́ kankan, Màmá. Mo dá wà."

"Èmi náà, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Láti ìgbà tí mo ti débí. Mi ò fẹ́ kó o mọ̀ ni."

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí iná fóònù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n sunkún, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Dilenia gbé fóònù sílẹ̀, ilé ṣì dákẹ́, ọ̀la náà kò sì ní yàtọ̀ ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ọ̀rẹ́ tí a bá fi irọ́ rà, irọ́ náà ni a ó máa fi bọ́ ọ. Àti pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó dára kí a sọ òótọ́ kí a sì dá dúró, ju kí a dákẹ́ láàárín èrò títí ohun gbogbo yóò fi jóná.