Nọ́mbà Tó Wà ní Etí Aṣọ Àlíájà Títílọlá

Bí ẹ bá ní aṣọ àdìrẹ tí wọ́n pa láró ní Ìtòkú ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí nọ́mbà fóònù níbẹ̀, funfun lórí aró, ọwọ́ Àlíájà Títílọlá ló ti jáde.

Ọkọ wọn, Bàbá Sàlàhúdíìnì, ló gé nọ́mbà náà sára páànù pẹlẹbẹ lọ́dún tí wọ́n ra síìmù àkọ́kọ́. Wọ́n á gbé páànù lé etí aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún kùn ún, wọ́n á rì í sínú aró. Bí aṣọ bá gbẹ tí wọ́n gbọn ẹ̀kọ dànù, nọ́mbà á yọ. Ilé àwọn òbí mi ló kángun sí tiwọn. Òórùn aró yẹn ni mo gbọ́ dàgbà, mo sì ń ṣàárò rẹ̀ gan-an ní Alábàtà tí mo ti ń ṣe tíṣà báyìí. Priscilla lorúkọ mi.

Bàbá Sàlàhúdíìnì ti kú. Abdulbaqi, ọmọ wọn ọkùnrin, ń ránṣọ ní Akra, ní Gáná. Òun ló máa ń di páànù yẹn mú ní kékeré, nítorí náà nọ́mbà ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ sórí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ló máa ń pè. Fóònù ẹni tó bá rí ló fi ń pè, torí pé síìmù tó rà lójú títì lọ́hùn-ún, tí wọ́n ti fi káàdì ẹlòmíràn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìjọba ti tì í pa.

Àlíájà á nu ọwọ́ aró mọ́ ìró, wọ́n á ní ọmọ àwọn ni yẹn, kí wọ́n tó wo ojú fóònù rárá.

Nígbà tó yá, Àlímátù, ọmọ wọn obìnrin, ra fóònù tuntun fún wọn. Ó ń dán, ṣùgbọ́n síìmù àtijọ́ tó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò kò wọ ihò rẹ̀. Ọkùnrin kan lábẹ́ agboòrùn ní òun á gé e kéré. Àlùmọ́gàjí ló fi gé e, ó sì gé wọnú ojú wúrà rẹ̀. Síìmù kú. Gbogbo orúkọ tó wà lórí rẹ̀ bá a lọ, títí kan tèmi.

Jímọ̀ àkọ́kọ́, Àlíájà ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Jímọ̀ kejì, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé ọmọ á máa rò pé ìyá òun ti kú, kò sì sí ọ̀nà tí àwọn lè gbà sọ fún un pé àwọn wà láàyè.

Wọ́n lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni nẹ́tíwọ̀kì. Òṣìṣẹ́ yẹ nọ́mbà náà wò, ó ní kì í ṣe ti Màmá. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Priscilla ló ni ín.

Àlímátù wá mi kàn ní ilé ìwé, ó sọ ọ́ fún mi. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ka forúkọ síìmù sílẹ̀ wá sí Ìtòkú. Sódà àti aró ti jẹ ìka Àlíájà dán. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀rọ kọ̀. Wọ́n bá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi tẹ̀ ẹ́." Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ra búrẹ́dì àti àkàrà fún mi, a rẹ́rìn-ín délé. Nígbà tí ìjọba ní kí a so nọ́mbà fóònù mọ́ NIN, nọ́mbà ìdánimọ̀ ẹni, tèmi náà la tún lò. Oore la pè é. Inú mi ṣì ń dùn bí mo bá rántí àkàrà yẹn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ìwà òmùgọ̀ wa.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ kẹta, èmi àti Àlíájà jọ lọ sí ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ tó dá wa lóhùn, Túbọ̀sún, gbọ́ àlàyé wa tán, ó mí kanlẹ̀.

"Àǹtí, bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́mbà yìí lu jìbìtì, ilé yín lọ́pàá á wá," ó wí. "Bí a ò bá sì rí yín lónìí, Màmá ò lè gbà á padà. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn pé ìka wọn ò hàn. Ṣe ni kí wọ́n sọ ọ́, kí a yẹ ìka yòókù wò."

Ó yẹ ìwé mi wò, ó yọ síìmù tuntun. Ó fi hàn wá pé wọ́n ti fa ìlà sí i lára fún ìwọ̀n mẹ́ta, ńlá, àárín àti kékeré. Ọwọ́ lásán ni a fi ń ṣẹ́ ẹ. Ó ní kí a tọ́jú férémù tó bá kù, torí pé síìmù kékeré lè wọ inú rẹ̀ padà fún fóònù àtijọ́. Ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ ti férémù òfìfo bọ fóònù, á há mọ́ eyín inú rẹ̀, á sì kán an.

Àlíájà ní fóònù àtijọ́ náà ni kí a fi í sí. Wọ́n ní bó ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀ làwọn fẹ́ gbọ́.

A jókòó tì í lẹ́bàá ìkòkò aró. Wọ́n kírun tán, kò dún. Aago mẹ́rin kọjá. Lẹ́yìn náà ló dún.

"Màmá?" Abdulbaqi ló ń sọ̀rọ̀. "Mo ti sanwó mọ́tò ọ̀la. Mo rò pé ọ̀fọ̀ yín ni mò ń bọ̀ wá ṣe."

"Mo wà," Àlíájà dáhùn. "Abdulbaqi, mo wà."

Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nu ojú, wọ́n bi í léèrè fóònù ta ló tún fi ń pè, wọ́n sì ní kí ó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ forúkọ síìmù tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Àlíájà ò fi fọwọ́ kan aró, tí wọ́n ń fi òrí pa ìka. Ìka ọmọńdinrín òsì ló kọ́kọ́ hàn lórí ẹ̀rọ. Wọ́n gba NIN tiwọn, a sì jọ padà lọ yí nọ́mbà sí orúkọ wọn.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àlùmọ́gàjí gé síìmù yín. Ẹ lọ gba òmíràn ní ọ́fíìsì. Ẹ kọ nọ́mbà àwọn ènìyàn yín sínú ìwé. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ béèrè òfin ibẹ̀ kí ẹ tó ra síìmù: ní Gáná, káàdì ìdánimọ̀ wọn ni ọmọ onílùú ń mú wá, àlejò sì ń mú ìwé ìrìnnà; ní Ìlú Ọba, ènìyàn lè ra tirẹ̀ láì tẹ̀ka. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá sì rí ìyá aláró tí ẹ̀rọ kọ ìka wọn, ẹ má yá wọn ní ìka. Ẹ dúró tì wọ́n títí tiwọn á fi hàn.