Omi Tí Àjíṣafẹ́ Gbàdúrà Ikú Sí

Ìwọ tí o máa ń sọ pé ọkàn rẹ mọ́, fara balẹ̀. Ìwọ gan-an la wá bá.

Àjíṣafẹ́ ń fi bọ́ọ̀sì kó ẹran láti Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ẹ́ńjìnnì náà ti gbó. Omi tó bá rọ sí rédíétọ̀ láàárọ̀, kì í bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án.

Ìgbẹ́kẹ̀lé, àbúrò rẹ̀ tó ń ta ẹran, sọ̀rọ̀ lójú àwọn alápatà. "Bọ̀dá mi, inú ẹ́ńjìnnì lomi yìí ń lọ. Ẹ wo èéfín funfun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u."

"Wo abẹ́ ẹ̀, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Orí ẹ ló ń jò."

"Ohun tí ò jò síta lè máa jò sínú, sà. Ọkàn yín náà ńkọ́? Ẹ gbé e fún Jésù."

Ìgbátí olóoyì ni Àjíṣafẹ́ fi dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, ní ìdájí, á wọ sùtánà funfun ìjọ rẹ̀, á gbé kẹ́ẹ̀gì omi síwájú, á máa gbàdúrà sí i: "Ìgbẹ́kẹ̀lé ò ní jẹun Kérésì." Ó fẹ́ lọ wọ́n ọn síwájú ìsọ̀ àbúrò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó gbé e lọ, ó ku díẹ̀ kó débẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì hó. Kò sí omi mìíràn. Ó fi àkísà ṣí rédíétọ̀, ó da omi àdúrà tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná bí iná. Gbàù. Irin là. Ikú tó tọrọ fún àbúrò, ẹ́ńjìnnì ló ṣe àmín.

Ta ló sáré dé? Ìgbẹ́kẹ̀lé. Ó ru gbogbo ẹran náà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Nígbà tó padà débi bọ́ọ̀sì, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, omi kù nínú ẹ̀, ó gbé e sẹ́nu.

Àjíṣafẹ́ gbá a dànù. "Má mu ún."

"Kí ló dé, sà?"

"Ikú ẹ ni mo gbàdúrà sí i." Ó wólẹ̀ sójú títì, ó ń sunkún.

Kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì kan ń kọjá. "Alàgbà, ṣé mọ́tò lẹ̀ ń bẹ̀ ni?"

Ìgbẹ́kẹ̀lé kúnlẹ̀ tì í. "Mo ti dárí jì yín. Ẹ sọ ọ́ fún Jésù bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò."

Ẹ̀gbọ́n sọ gbogbo ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò dìde mọ́. Àjíṣafẹ́ dìde.

Ìwọ ńkọ́? Ta lò ń kí ní "ẹ káàárọ̀" tí o ò fẹ́ kó rí alẹ́? Má sọ pé kò sí. Ọlọ́run gbọ́ ọ. Ọ̀run àpáàdì ò ní bi ọ́ léèrè irú aṣọ tó o wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n Jésù kú fún ọ, ó sì ń pè ọ́ lónìí. Kúnlẹ̀ níbi tó o ti ń kàwé yìí, dárúkọ ẹni náà fún un, kó o tọrọ àánú. Lẹ́yìn náà, wọ bàtà ẹ, kó o lọ bá ẹni náà nílé.