Ìlàjì Ife Kọfí

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, Merle Tufte ṣì wà láàyè, kó lọ bi í. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí títì ńlá. Kó má ṣáà lọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, torí Merle kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn lásìkò yẹn.

Ọ̀rọ̀ ilé Nesheim ni. Àwọn ará Norway tó kọ́kọ́ dé apá ibí yìí ní Minnesota ló kọ́ ọ, ìtí igi lórí ìtí igi, ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ardis Nesheim nìkan ló kù tó ń jẹ́ orúkọ náà. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ogójì ọdún ló fi ń gbé igi ìdáná wọlé, tó ń dí ihò eku, tó ń gun àkàbà lọ gbá yìnyín kúrò lórí òrùlé. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ láyé: kó jókòó síbi kan tí nǹkan kan kò ti ní máa pè é pé kó dìde.

Ló bá fi ilé náà ta ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ lọ́rẹ. Wọn ò ní tú u. Odindi ni wọ́n máa gbé e lọ sí pápá wọn nínú ìlú, máìlì mẹ́sàn-án sí ibi tó wà.

Corinne, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, ọmọ ìlú ńlá ni, kò tíì pé ọdún kan láàárín wa. Ardis sọ fún un pé, "Bí ilé yẹn bá wúlò fún yín, ẹ lè mú un."

Corinne ní, "A fẹ́ ẹ, mà. Ẹ ṣeun gan-an."

Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí Ardis jábọ́ lórí àga. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé kì í gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á fi lọ̀ ọ́, wàá ní rárá. Wọ́n á tún fi lọ̀ ọ́, wàá ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wàá tó ní, ó dáa, ìlàjì ife péré. Wọ́n á wá bu ife kíkún fún ọ, wàá mu ún tán, wàá sì tún gba òmíràn. Rárá méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe rárá. Ìkíni ni.

Kò sílé tó mọ èyí bí ilé Nesheim. Brita, ìyá tó bí bàbá bàbá Ardis, ló ń dáná níbẹ̀ nígbà tí àlejò kan fẹsẹ̀ rìn dé nínú yìnyín. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, àkókò kọfí. Brita ní kó wọlé wá mu díẹ̀. Ọkùnrin náà ní rárá. Brita tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọmọ Brita ń ṣàìsàn nígbà yẹn, kò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn, kò bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n bá ọkùnrin náà lẹ́nu géètì, ó jókòó, ó ti dì gbagidi, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún. Láti ọjọ́ náà títí Brita fi kú, kò sẹ́ni tó kọjá níwájú ilé yẹn láago mẹ́ta tí kò fi kọfí lọ̀ nígbà mẹ́ta gbáko.

Oṣù Kẹta ni wọ́n fẹ́ gbé ilé náà, kí ilẹ̀ tó rọ̀, kí ìjọba tó ní kí ọkọ̀ ẹlẹ́rù wúwo má gba títì mọ́. Merle ló máa wa ọkọ̀ tó máa fà á. Ọmọ àbúrò Ardis ni, iṣẹ́ ilé gbígbé ló sì fi ń jẹun.

Ó ní, "Àǹtí Ardis, wẹ́rẹ́ ni màá gbé e. Bí ife kọfí bá wà lórí tábìlì, kò ní dà."

"Má fọ́nnu," ni Ardis wí. "Àga kankan ò sí níbẹ̀, áńbọ̀sì tábìlì."

Òótọ́ ni. Wọ́n ti kó gbogbo ẹrù. Wọ́n ti yọ ààrò irin, wọ́n ti wó ihò èéfín. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e, Ardis nìkan wọ inú ilé ìdáná lọ wò ó bóyá ó gbàgbé nǹkan kan. Òtútù ibẹ̀ ń ta egungun. Kò sí ìró kankan. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì gbóòórùn kọfí.

"Ṣé ẹ ò ní mu kọfí díẹ̀?"

Ohùn obìnrin ni. Èdè Norway àtijọ́ ni, irú èyí tí Ardis kò gbọ́ mọ́ láti àádọ́ta ọdún. Bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ni, nínú ilé tí wọ́n ti bí Ardis fúnra rẹ̀.

Kí Ardis tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn. "Rárá o, ẹ ṣeun. Mi ò fẹ́ dà yín láàmú."

Ó wẹ̀yìn. Ògiri nìkan ló rí. Ó jáde, kò sì sáré, torí orúnkún rẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi jáàkì gbé ilé náà sókè, ó sì bọ́ sójú títì. Ardis jókòó ti Merle nínú ọkọ̀. Wọ́n ń lọ bí ẹni ń rìn lọ síbi òkú. Ní oríta, wọ́n dúró kí àwọn oníná gbé wáyà sókè. Merle wo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

"Ta ló wà nínú ilé yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ wo wíńdò ilé ìdáná, ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn wíńdò yòókù mọ́ kedere. Ooru ti bo ti ilé ìdáná láti inú. Aago mẹ́ta ti lù. Merle fẹ́ bọ́ sílẹ̀, Ardis ní kó jókòó, ilé òun ni. Ó fi àkàbà gòkè, ó rọra ṣílẹ̀kùn.

Inú ibẹ̀ móoru. Ife kan wà lórí pákó wíńdò, ó kún dé etí, èéfín ń jáde lára rẹ̀. Ẹ̀kán kan ò dà sílẹ̀.

"Ó ti hó," ni ohùn náà wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ife kan péré."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni Ardis wí. "Mò ń lọ ni."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Merle ní, "Mo gbọ́ tẹ́ ẹ̀ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀."

"Wa ọkọ̀ ẹ," ni Ardis wí.

Wọ́n gbé ilé náà kalẹ̀ láìsí ìyọnu. Ardis kó lọ sí ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò sí igi láti gbé, kò sí òrùlé láti gbá. Nínú yàrá ìdáná, fíríìjì nìkan ló ń kùn. Corinne pè é lórí fóònù pé ilé náà dára, pé ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Ardis fi sùn. Síbẹ̀, ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́.

Merle wá kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ardis fi kọfí lọ̀ ọ́, ó ní rárá. Ó tún fi lọ̀ ọ́, Merle ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Merle rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, ìlàjì ife péré."

Kẹ́tù kọfí dúró lọ́wọ́ Ardis. Kò bù ú. Ó jókòó, ó sì sọ ohun tó gbọ́ nínú ilé náà lẹ́ẹ̀mejèèjì fún un, gbogbo rẹ̀.

"Mo rò pé mo ti kọ̀ ni, Merle. Mi ò tíì kọ̀."

"Bí wọ́n bá tún bi yín, ẹ ní rárá."

"Ọkùnrin ẹnu géètì yẹn náà ní rárá."

Merle gba kẹ́tù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

Ardis ní, "Ogójì ọdún. Èmi ni mò ń fi kọfí lọ gbogbo èèyàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé kí n jókòó."

Ọ̀rọ̀ náà wúwo fún Merle, ló bá fi ṣe àwàdà. "Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ jókòó, ẹ jókòó nígbà náà." Kò tíì dárí ji ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó mú lefse, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn ará Norway, tí ìyàwó rẹ̀ yan dání. Aago mẹ́ta ti kọjá díẹ̀. Yìnyín ti bọ́ láti òwúrọ̀, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ kankan lẹ́nu ọ̀nà àfi tirẹ̀. Ilẹ̀kùn kò tì. Bàtà Ardis wà níbi tó máa ń wà. Ẹ̀wù òtútù rẹ̀ wà lára ìkọ́. Wọ́n fa àga méjì sẹ́yìn nídìí tábìlì. Ife méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti gbẹ, èkejì kù dé ìlàjì, ó ṣì ń rú èéfín.

"Àǹtí Ardis?"

Fíríìjì dákẹ́.

"Ṣé ẹ ò ní mu kọfí díẹ̀?"

Láti yàrá ìdáná ni. Ohùn náà jọ ti Ardis, ṣùgbọ́n àárẹ̀ kankan ò sí nínú rẹ̀. Ohùn ẹni tó ti sùn dáadáa ni.

Ìyá tó bí Merle, àbúrò Ardis ni, ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa. "Rárá o, ẹ ṣeun," ni Merle wí. "Mi ò fẹ́ dà yín láàmú." Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ tán kó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá wá Ardis. Nígbà tí yìnyín yọ́, wọ́n wá inú odò. Wọn ò rí i. Ilé Nesheim ti ṣí fún àlejò, àwọn ọmọ iléèwé ń wọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Merle páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kó lè sinmi díẹ̀. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Ó gbóòórùn kọfí, wọ́n sì bi í lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Mo bi í léèrè ohun tó fi dáhùn.

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?" ló wí. "Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu."

Ìgbà kejì nìyẹn. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Merle, ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé ó ti ń rẹ òun.