Obì Tó Ń Mú Àjẹ́

Yísà jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, ó ní kí wọ́n fi àkàrà kan kún un. Kí wọ́n tó kírun àlàásárì, wọ́n ti sin ín. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, kò ṣàìsàn, kò ṣubú. Ó kàn sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó di ikùn mú, ìfófó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Makun wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí ti jẹ nǹkan olóró." Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n gbé padà wálé pẹ̀lú òkú.

Ní Sábó, tí wọ́n bá ti ní ọmọ jẹ nǹkan, ìbéèrè tó kàn ni pé ta ló fún un. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìdáhùn. Àràárọ̀ ni Yísà máa ń lọ jókòó ti Ìyá Sàrátù níbi tó ti ń ta obì níwájú ilé. Ìyá á gé obì bíńtín fún un, ọmọ á máa rún un, á fajú ro bí arúgbó tó ń ro ọ̀rọ̀ ìlú. Sàrátù ni ìyálé ilé náà. Yésúfù olóbì, ọkọ rẹ̀, ti kú, ó fi Sàrátù àti ìyàwó kejì, Deborah, sílẹ̀. Deborah, ọmọ àwọn ẹlẹ́sìn Mẹ́tọ́díìsì ní Ìpẹ̀rú, ló bí Tawfiq. Tawfiq ló bí Yísà.

Ká má parọ́, wọn ò dúró kí Yísà kú kí wọ́n tó pe Sàrátù ní àjẹ́. Iye tó ń ta obì ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí náírà ṣubú tí epo mọ́tò di ohun tí à ń fi ojú jẹ, gbogbo olóbì Sábó ló ń fowó lé ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Sàrátù nìkan ni kò fi kọ́bọ̀ lé tirẹ̀. Oníbàárà ń fo igbá wọn kọjá, wọ́n ń lọ bá a. Èwo tún ni àjẹ́, bí kì í bá ṣe obìnrin tó ń ta ọjà òní ní iye àná? Báyìí ni wọ́n ṣe ń rò ó, àwọn tó gbọ́n jù ló sì ń rò ó jù.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Tawfiq. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní Èkó, ó kó ọ̀rọ̀ ńlá bọ̀ wálé. Ó ní obì inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé bò kò lórúkọ, ohun tí kò bá sì lórúkọ, kò lè lówó lórí. Tòun á wà nínú ọ̀rá tó ń dán, tí orúkọ hàn gàgàrà lára rẹ̀. Ó ní kí àwọn olóbì kó ọjà pamọ́ títí yóò fi wọ́n gógó, kí wọ́n tó tú u síta. Òun fúnra rẹ̀ ra obì jọ títí sitọ́ọ̀ ẹ̀yìnkùlé fi kún.

"Ìyá àgbà, ẹ̀ ń ba ọjà jẹ́," ó sọ ọ́ fún Sàrátù lójú gbogbo ènìyàn.

"Ọjà ta ni mo bà jẹ́?"

"Tiwa ni. Ṣé ẹ ò gbọ́ pé dọ́là ti gòkè ni?"

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n igi obì bàbá mi kì í mu dọ́là, òjò ló ń mu."

Àwọn obìnrin tó ń bó obì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Tawfiq náà fi eyín hàn, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti kí ìyá náà dáadáa mọ́.

Obì kò tètè wọ́n bó ṣe rò ó. Kòkòrò ló kọ́kọ́ dé. Ó ń gbọ́ wọn nínú òkìtì obì, wọ́n ń jẹ owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ ra òtapiápiá, oògùn apakòkòrò, ó pò ó lápòjù, ó sì fọ́n ọn sórí gbogbo òkìtì náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Hàmdálátù, ìyàwó rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ obì á fọ̀ ọ́ kó tó jẹ ẹ́. Kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í kú jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn ẹyẹ ológoṣẹ́ ń wá ṣà wọ́n jẹ, àwọn náà sì ń kú.

Ìdájí ọjọ́ kan, Tawfiq ń lọ ṣàlùwàlá, ó bá òkú ẹyẹ nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sitọ́ọ̀. Ó dúró wò wọ́n. Yàrá Sàrátù ló kángun sí sitọ́ọ̀ náà, ìyá sì ń sùn. Tawfiq fi ẹsẹ̀ ti àwọn ẹyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé iwájú ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì lọ kírun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí lẹ fẹ́ kí ará ilé sọ?

"Ẹyẹ kú sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Sàrátù!"

"Ìpàdé ni wọ́n ṣe. Ilẹ̀ ló mọ́ bá àwọn wọ̀nyẹn lọ́nà."

"Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Ta ni ò mọ ẹni tó ń bá a ra obì?"

Sàrátù gbá àwọn ẹyẹ náà dànù, ó ní bóyá ológbò ló pa wọ́n. Kò pẹ́ sígbà náà ni Yísà kú.

Tawfiq ló bọ́ aṣọ ọmọ náà kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó fa obì yọ, ojú eyín kéékèèké sì wà lára rẹ̀. Ó gbé e símú. Òórùn òtapiápiá ni. Ọmọ ti wọ sitọ́ọ̀ lọ fún ara rẹ̀. Tawfiq ju obì náà sí ṣáláńgá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún. Ẹkún òótọ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde síta, tí Hàmdálátù di aṣọ rẹ̀ mú pé, "Ta ló fún ọmọ mi ní nǹkan jẹ?", Tawfiq kàn gbé ojú sókè wo ilẹ̀kùn Sàrátù.

Ohun tí Hàmdálátù ń wá nìyẹn. Ó wọ́ ìyá náà jáde láti yàrá. "Ẹ pọ ọmọ mi jáde! Ẹ pọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe jẹ ẹ́!"

"Méè pa á," Sàrátù ń sọ, gèlè rẹ̀ ti já sílẹ̀. "Hàmdálátù, méè pa ọmọ ẹ. Kò tiẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi lónìí. Mo gé obì rẹ̀ sílẹ̀ dè é."

"Ẹ gbọ́ o! Ó ní òun gé obì sílẹ̀ dè é!"

Wọ́n ránṣẹ́ sí Lìádì, olórí àwọn olóbì Sábó. Àwọn olóbì ní àṣà kan láàárín ara wọn. Bí ẹjọ́ bá wà tí kò sí ẹlẹ́rìí, wọ́n á mú obì láti ilé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, wọ́n á là á sí méjì, ẹni tó fẹ̀sùn kàn á jẹ apá kan, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn á jẹ apá kejì. Ẹni tó bá purọ́, obì á mú un. Alfa àdúgbò ní kí wọ́n fi Kùránì búra.

"Kùránì ní sùúrù, Alfa," Lìádì dá a lóhùn. "Àwa ò ní."

Ohun tó ń dun èmi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé inú Sàrátù dùn. Ó wẹ̀, ó ró aṣọ funfun, ó sọ fún Deborah pé ọ̀rọ̀ yìí máa tán lónìí, òun á sì lè sunkún Yísà bó ṣe yẹ kí ìyá àgbà sunkún ọmọ. Ó jókòó sáàárín agbo. Wọ́n ti ilẹ̀kùn sitọ́ọ̀ ṣí, wọ́n mú obì kan lórí òkìtì, obì ńlá tó ń dán. Tawfiq dúró, ó ń wò wọ́n. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ. Tó bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé òun ló pa ọmọ òun, wọ́n á sì da gbogbo obì òun sí ààtàn. Tí kò bá sọ ọ́, obìnrin yìí á kú. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń dúnàádúrà.

Lìádì la obì, ó na apá kan sí i. "Gba tìrẹ."

Tawfiq fà sẹ́yìn. "Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ, èmi náà ni kí n tún máa búra?"

"Òótọ́ ló sọ!" agbo hó. "Ẹ má fìyà kún ìyà fún un!"

Lìádì wò ó fún ìgbà pípẹ́, torí ó mọ àṣà náà ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ariwo pọ̀, àgbàlagbà náà sì fẹ́ràn kí ayé fẹ́ràn òun. Ó kó apá méjèèjì fún Sàrátù.

"Ẹ mú un wá," Sàrátù ní. "Ọwọ́ mi mọ́." Ó rún un, ó gbé e mì, ó tún rẹ́rìn-ín sí Tawfiq. "Obì tìrẹ yìí korò ju ti bàbá rẹ lọ."

Kò pẹ́ tó fi béèrè omi. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń na ọwọ́ sí wọn, wọ́n sì ń sún sẹ́yìn. "Ó ti mú un!" ni wọ́n ń kígbe. "Obì ti mú àjẹ́!" Kò sẹ́ni tó fún un lómi, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Hàmdálátù tutọ́ sí i lójú. Ó kú sórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbá láàárọ̀, kò sì sí alfa tó kírun sí i lára.

Ẹ̀yin náà á rò pé Tawfiq á kó obì náà dànù lóru ọjọ́ yẹn. Ó rò ó. Ṣùgbọ́n kí ó tó jẹun àárọ̀, ọkọ̀ ti dúró níwájú ilé. Ọkùnrin kan láti Ìpẹ̀rú ni, ó ní wàhálà wà nílé àwọn, obì tó mú ìyá yẹn ni òun ń wá, kí wọ́n bù ú fún òun láti orí òkìtì kan náà. Tawfiq dá iye kan lé e tó lè lé wèrè sá. Ọkùnrin náà sanwó, ó dúpẹ́. Ìyẹn ni Tawfiq fi mọ ohun tí wọn ò kọ́ ọ ní Èkó, pé ẹ̀rù kì í dúnàádúrà.

Ó fi omi iyọ̀ fọ obì tó kù, ó sọ fún ara rẹ̀ pé oró ti tán lára rẹ̀. Ó tẹ ọ̀rá tuntun, ó kọ AMÚÀJẸ́ sí i gàdàgbà, ó ní obì gidi láti Sábó. Wọ́n ń wá láti Ìkẹ́nnẹ́, láti Òde Rẹ́mọ, kódà láti Èkó. Lọ́sẹ̀ tó bá fowó lé e, ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i, torí èyí tó wọ́n ni wọ́n gbà pé ó lágbára. Nígbà mìíràn wọ́n á wá sọ fún un pé obìnrin tó jẹ ẹ́ kò kú, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn wọ́n á wá dúpẹ́. Tawfiq á ní kò tọ́pẹ́, kì í sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oyún bà jẹ́ lára Hàmdálátù lẹ́yìn náà. Kí ẹ̀jẹ̀ tó dá, àwọn obìnrin tó ń bó obì ti rí ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ìyálé kì í nìkan ṣe iṣẹ́ ibi, ẹnìkan ló ń tì í lẹ́yìn.

"Màmá, ẹ̀yin nìkan ló kù nínú ilé yìí," Hàmdálátù wí fún Deborah.

"Èmi tí mo gbé ọkọ rẹ pọ̀n?"

"Ìyá Sàrátù náà gbé e pọ̀n."

Deborah wò ó, ó sì so ìró rẹ̀ le. "Ẹ pe Lìádì wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ṣe é bí àṣà ṣe wí. Èmi àti ìwọ la máa jẹ ẹ́."

Tawfiq wà ní Makun, ó lọ gba ọ̀rá tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wọlé, ó bá èrò nínú àgbàlá. Ó rí ọ̀rá AMÚÀJẸ́ tí wọ́n ti ya. Ó rí ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn. Obì wà lọ́wọ́ Hàmdálátù. Ti Deborah ti wà láàárín ètè.

"Ẹ tu ú! Màámi, ẹ tu ú dànù!"

Ó gbá a bọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ débi tí ètè ìyá fi ṣẹ̀jẹ̀, ó yí padà, ó já ti ìyàwó rẹ̀ gbà.

"Kí ló dé?" Lìádì béèrè. "Kí ló dé tí wọn ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́?"

Tawfiq wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Òtapiápiá ni," ó ní.

Hàmdálátù dìde. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Bàbá Yísà, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Tawfiq ju obì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo bọ́ ṣòkòtò rẹ̀."

Deborah nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. "O rí Sàrátù nígbà tó ń rún un," ó wí. "O dúró síbẹ̀. O ń wò ó títí ó fi kú." Ó fi ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀, ó wọlé lọ, Tawfiq sì ń pe, "Màámi, Màámi," títí ilẹ̀kùn fi tì.

Kò sẹ́ni tó ráyè bú u. Hàmdálátù ló ronú kan àwọn obìnrin yòókù, àwọn tí obì náà wà nílé wọn lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó gba fóònù ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pe ẹni tó rajà kẹ́yìn, Adésọjí, ará Ìkẹ́nnẹ́, tó ní ìyá ìyàwó òun ni wọ́n ń fura sí.

"Ẹ má fún un jẹ!" Hàmdálátù kígbe. "Ẹ dákun, obì yẹn, ẹ dà á nù! Májèlé ló wà lára rẹ̀!"

Adésọjí rẹ́rìn-ín. Ariwo ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó jọ pé kò gbọ́ ìdajì ohun tó sọ.

"Ìyàwó olóbì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ó ti mú un lánàá, kò tiẹ̀ jà rárá. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bùsí i. Ẹ̀gbọ́n mi náà fẹ́ ọ̀rá méjì. Ṣé iye ti tẹ́lẹ̀ náà ni, àbí ẹ ti tún fowó lé e?"