Kíkí Tó Ṣáájú Ìròyìn

Gbàù!

Táyà iwájú fọ́. Ọkọ̀ Síẹ́nà kan fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, kíííí! Ó wá dúró létí igbó, láàárín Gbọ̀ngán àti Ìpetumodù.

Oòrùn ṣì wà lókè o. Àwọn olè ayé àtijọ́ máa ń dúró kí ilẹ̀ ṣú, ó ṣe tán, ìtìjú ń bẹ díẹ̀ lára wọn. Àwọn tòde òní ò ráyè ìyẹn. Wọ́n fẹ́ tètè ṣíwọ́ kí àwọn náà lè délé jẹun alẹ́.

Adigunjalè mẹ́ta ló yọ láti inú igbó.

Tòló ló ṣáájú, ó ga, ó tín-ínrín, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Pákó tẹ̀lé e pẹ̀lú àpò òfìfo. Ọ̀gá wọn ló kẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn. Ó fi fìlà òtútù dúdú bo orí àti ojú dé ọrùn, ẹyin ojú rẹ̀ nìkan lèèyàn lè rí.

Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pe ọ̀gá yìí. Wọ́n ní ọta ìbọn kì í bà á, ojú ènìyàn kì í sì í dá a mọ̀, nítorí oògùn ìgbàdí kan tó ń sán mọ́ abẹ́ ṣòkòtò.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́," ni Tòló wí. "Fóònù, gbogbo ẹ̀, sínú àpò. Ẹ má jẹ́ kí n béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi kì í dùn tí mo bá béèrè lẹ́ẹ̀mejì."

Akínkúnlé, olùkọ́ ilé-ìwé girama kan n'Ìbàdàn, ló ń wa ọkọ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀, Fúnlọ́lá, jókòó tì í. Àwọn ọmọ wọn méjì, Fikáyọ̀ àti Ìgbẹ́kẹ̀lé, wà lẹ́yìn. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi Àjíǹde, ọ̀dọ̀ ẹbí n'Ifẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Láti Ìbàdàn ni àwọn ọmọ ti ń jà sí ìdí fèrèsé. Ìjà náà parí lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo wọn kó fóònù sínú àpò, wọ́n sì dojú bolẹ̀ sórí koríko kí ọ̀gá tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Níbo lẹ̀ ń lọ gan-an?" ni Tòló bi wọ́n, bí ẹni tó fẹ́ sìn wọ́n dé ọ̀hún.

Fúnlọ́lá ló dáhùn. "Ifẹ̀ ni, sà. Ìlàrè. Ọ̀dọ̀ Màmá Ìlàrè àti ọkọ mi Eléyín-afẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa."

"Ọkọ kan dojú bolẹ̀ síbí, òmíràn tún ń retí yín n'Ifẹ̀? Màdáàmù, ẹ̀yin lẹ mọ ayé jẹ."

Yẹ̀yẹ́ ni Tòló ń ṣe. Òun náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn ará ilé ọkọ, orúkọ tó bá wù ú ló ń sọ wọ́n. Pákó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró gbagidi.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é ní Eléyín-afẹ́ láyé yìí. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìyàwó náà ti fi àlàfo eyín iwájú rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Fáníyì ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Ìyá rẹ̀ àti ìyá Akínkúnlé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òun gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá kí!

Ìbọn kì í ba Fáníyì lẹ́rù, àhámọ́ kò sì bà á lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Màmá Ìlàrè gbà pé ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, òun sì ni obìnrin náà fi ń yangàn kárí àdúgbò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti fẹ́ mú un lọ lẹ́ẹ̀kan rí. Bó bá gbọ́ irú iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe, àfàìmọ̀ ni kò fi ní kú.

Kò gbọdọ̀ la ẹnu, wọn á dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ó bá fọwọ́ ṣe àmì sí Tòló pé kí wọ́n fi àwọn ènìyàn yìí sílẹ̀, kí wọ́n máa lọ.

Tòló rò pé búùtù ọkọ̀ ni ọ̀gá ń nàka sí.

Ó ṣí i. Ó gbé kúlà kan jáde, ó ṣí ìyẹn náà. Ẹja yíyan ló kún inú rẹ̀, ẹja ńlá ńlá tí wọ́n rà fún Màmá Ìlàrè lójú ọ̀nà.

"Ọ̀gá wa kì í gbàgbé ikùn ọmọ iṣẹ́," ni Tòló wí. Ó já ìrù ẹja kan, ó sọ ọ́ sẹ́nu.

Báyìí ni Fáníyì ṣe ja ìyá rẹ̀ lólè láì fẹ́.

Wíìwíìwíì!

Awakọ̀ àjàgbé kan ti ta àwọn fijilanté lólobó. Píkọ́ọ̀pù wọn ń bọ̀ láti ìhà Gbọ̀ngán, Abdulrauf ọ̀gá wọn dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà. Ará Mọdákẹ́kẹ́ ni, ẹni tí kì í yára sọ̀rọ̀, tí kì í sì í pariwo.

Gbàù! Gbàù!

Àwọn olè fò sínú ọkọ̀ Kòrólà tí wọ́n gbé pa mọ́ sẹ́bàá igbó. Vùùùùù!

Wọ́n gba Ìpetumodù kọjá bí iná ọyẹ́. Adìẹ fò, ọlọ́kadà sá wọ gọ́tà. Kọ̀ọ̀! Ọta kan fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí Fáníyì kọjá, ó fọ́ ti iwájú náà. Kò kàn án!

Ó fọwọ́ kan ìgbàdí rẹ̀. "Ọta tó máa bà mí, wọn ò tíì rọ ọ́."

"Àwọ̀n kì í mú ẹ̀fúùfù, Ọ̀gá," ni Tòló wí. Ẹja ṣì kún ẹnu rẹ̀.

Àwọ̀n kì í mú ẹ̀fúùfù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòtò máa ń mú Kòrólà. Bí wọ́n ṣe yà sójú ọ̀nà oko kòkó kan, gbòlà! Táyà méjèèjì iwájú wọ kòtò, ẹ́ńjìnnì kú.

Oníkálukú wá ọ̀nà tirẹ̀. Pákó gbé àpò fóònù, ó di àwátì. Tòló náà ì bá bọ́, kúlà ni kò jẹ́. Ó dì í mọ́yà, ó ń sáré, ó ń kọsẹ̀, ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́.

"Níbo ni ọ̀gá rẹ ń gbé?" ni Abdulrauf bi í.

"Ẹ̀fúùfù ni mo mọ̀ ọ́n sí, bàbá. Ta ló mọ ilé ẹ̀fúùfù?"

Òótọ́ ló sọ, kò mọ̀ ọ́n.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Fáníyì ti ri fìlà àti ìbọn mọ́ abẹ́ ewé kòkó. Ó jáde sí títì, ó gun ọ̀kadà. Wọ́n gba Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n gba Ẹnuwá.

"Ẹ sáré díẹ̀ sí i," ló ń wí fún ọlọ́kadà. "Mo ní àlejò."

Abdulrauf fi Tòló lé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì padà sọ́dọ̀ Akínkúnlé àti ẹbí rẹ̀. Ó dá kúlà wọn padà, ó fi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ti Síẹ́nà, ó sì kó wọn sínú píkọ́ọ̀pù láti gbé wọn dé Ìlàrè. Lójú ọ̀nà, Fúnlọ́lá pàṣẹ fún gbogbo wọn.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ olè tá a bá débẹ̀ o. Fikáyọ̀, ṣé o gbọ́? Ẹ̀jẹ̀ Màmá máa ń ga. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí wa, kí wọ́n jẹun, kí bàbá yín tó rọra sọ ọ́. Mọ́tò ló yọnu, òun la máa wí. Ẹ̀yin náà, Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti gbọ́, ìyàwó," ni Abdulrauf wí. "Awakọ̀ tó gbé yín dé ni mí."

Nígbà tí wọ́n wọlé, Fáníyì ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá funfun, òórùn ọṣẹ ń ta lára rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Màmá Ìlàrè jókòó sórí àga, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ kí i, ó fà wọ́n mọ́ra, ó ń fi oríkì baba ńlá wọn kì wọ́n.

"Mọ́tò ló yọnu lọ́nà, Màmá," ni Akínkúnlé wí. "Àwọn bọ̀dá yìí ló ràn wá lọ́wọ́."

Fúnlọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ kú ilé o, ọkọ mi Eléyín-afẹ́."

Inú Fáníyì dùn. Kò sẹ́ni tó fura. Ìyàwó náà wò ó lójú kòrókòró, kò dá a mọ̀! Ìgbàdí náà jẹ́ pátápátá. Ara tù ú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí àlejò bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ìrìn, ìyàwó wa. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ kú àdánù náà o. Ọlọ́run á fi òfò ra ẹ̀mí."

Àwọn àlejò gbójú sókè.

Ẹ má bá a wí jù. Àwa Yorùbá ní kíkí fún ẹni tó jókòó, a ní ti ẹni tó dúró, ẹni tí òjò pa ò sì gbọdọ̀ kọjá láìkí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í rí ẹni tí wàhálà bá, kó dákẹ́. Fáníyì sì rí wàhálà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kíkí náà ti jáde kó tó mọ̀.

Fúnlọ́lá wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo Fikáyọ̀. Fikáyọ̀ mi orí pé òun kọ́.

"Òfò kẹ̀?" ni Màmá Ìlàrè wí. "Òfò wo?"

Abdulrauf gbé ife omi tí wọ́n fún un sílẹ̀. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ta ló sọ fún yín?"

Fáníyì wúkọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í dọ̀gá olè láìní làákàyè.

"Ṣẹ́ ẹ rí i, mo pe fóònù ẹ̀gbọ́n mi títí, kò lọ. Mo pe ti ìyàwó, kò lọ. Ọ̀nà yẹn ò sì dáa. Ni mo bá sọ lọ́kàn mi pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wọn."

Irọ́ náà gún régé. Akínkúnlé mí kanlẹ̀. Abdulrauf pàápàá fẹ́ẹ̀ gbà á.

"Ẹ má bínú, Màmá," ló wí. "Fijilanté ni mí. Àwọn olè dá àwọn ọmọ yín dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn rè é láàyè. Ẹ̀gbọ́n, bí aago mélòó lẹ pè wọ́n? Ó máa ràn wá lọ́wọ́."

"Bí aago mẹ́rin."

Màmá Ìlàrè dìde. Ẹ̀rù ti bà á, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ olè ló ń béèrè ọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

"Ó ti rẹ ọmọ mi, kò rántí dáadáa. Kò lè jẹ́ òun ló pè, sà. Wọn kì í gbé fóònù wọ ibi iṣẹ́ wọn. Ọ̀dọ̀ mi ló máa ń fi tirẹ̀ sí kó tó jáde láàárọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí ni, omi ìwẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè, mi ò tíì rójú dá a padà fún un."

Ó tú etí ìró rẹ̀. Ó yọ fóònù náà, ó nà án sí Fáníyì.

"Gbà, ọmọ mi. Bá wọn wò ó níbẹ̀, bóyá àná lo pè wọ́n."

Fáníyì kò gbà á.

Ìgbàdí ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀. Kò sí irọ́ nínú iṣẹ́ ẹni tó ṣe é. Ọta kò ba Fáníyì, ojú kò sì dá a mọ̀. Ẹni náà kò kúkú sọ pé òun fi oògùn ẹnu kún un.

Ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ṣì nà sí i.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Kí lo ṣe?"

Abdulrauf bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ láti abẹ́ aṣọ tirẹ̀, ó fi í dè é. Akínkúnlé yíjú sí ògiri. Àwọn ọmọ ń wò.

Màmá Ìlàrè wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, ó wo kúlà ẹja lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọmọ rẹ̀. Gbogbo wọn ń retí pé yóò ṣubú. Kò ṣubú. Ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ so.

"Ẹ mú un lọ, sà," ló wí. "Mi ò fẹ́ sunkún lójú rẹ̀."

Vùùù. Píkọ́ọ̀pù náà lọ.

Fúnlọ́lá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó fẹ́ kí i. Kíkí wà fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú. Ó wà fún ẹni tí ilé rẹ̀ jó. Ó ronú títí, kò rí èyí tó bá ti Màmá mu. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.